Awólọ́wọ̀, ẹni tó sọ owó wa ní náírà, àti ìjà Ájàmí lórí ọgọ́rùn-ún náírà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Kì í ṣe bó ṣe wọ́n o, ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni.

Ní Ìlobì níbí, nílẹ̀ Yewa tó súnmọ́ ibodè, a mọ náírà, a sì mọ séfà. Séfà kò dárúkọ Ọlọ́run rárá. Ẹja ni báńkì wọn fi ṣe àmì. Dọ́là Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ ń kéde pé Ọlọ́run ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Láti 1864 ló ti wà lára owó ẹyọ wọn, ó sì dé orí owó bébà ní 1957. Náírà wa kò ní irú ìkéde bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a fi ẹ̀sìn jà lórí ẹ̀. Ibi tí ìjà náà ti wá gbóná ni ẹ̀gbẹ́ orí ọkùnrin tó fún owó náà lórúkọ, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1909 ni wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́, nínú ilé onígbàgbọ́. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí bàbá ẹ̀ kú, ìyà sì jẹ ẹ́ dáadáa. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀ròyìn, ó ṣòwò, kó tó di lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1946.

Èyí tó kàn wá jù ni bó ṣe lo agbára láàárín ẹlẹ́sìn méjì. Ìwọ̀-Oòrùn tó darí láti 1952 dé 1959 kún fún Mùsùlùmí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọwọ́ ìjọ Kristẹni ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn òbí Mùsùlùmí pé wọ́n á sọ ọmọ wọn di onígbàgbọ́. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àròsọ. Ní 1958, ìjọba ẹ̀ kan náà dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Àwọn kan á ní ìṣèlú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn alálàájì jàǹfààní ẹ̀. Òun kan náà ló mú Philip Umeadi, Kristẹni bíi tiẹ̀, ṣe igbákejì nínú ìbò 1979, ariwo sì sọ. Ní 1983, ó mú Muhammadu Kura, Mùsùlùmí ará Àríwá.

Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 1963, Gowon tú u sílẹ̀ ní 1966. Láti 1967 dé 1971, òun ni Kọmíṣánnà fún ètò ìṣúná, òun ló sì mú orúkọ owó tuntun jáde látinú orúkọ Nàìjíríà fúnra ẹ̀. Kò sí òrìṣà níbẹ̀, kò sí wòlíì. Ọjọ́ kìíní ọdún 1973 la bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, méjì fún pọ́n-ùn kan, nígbà tó ti kúrò nípò.

Ní May 9, 1987, bàbá kú. Ní December 1, 1999, wọ́n gbé e sórí ọgọ́rùn-ún náírà, tòun ti fìlà àti awò ojú ẹ̀. Ájàmí wà lára owó náà, ìyẹn èdè Haúsá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Kí ló wí? Iye owó ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. CBN fúnra ẹ̀ sọ pé láti ayé òyìnbó ni irú ìkọ̀wé yìí ti wà, nítorí àwọn tí kò ka ìwé òyìnbó.

Ní 2007, lásìkò Soludo, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára náírà márùn-ún, mẹ́wàá, múrí àti Wàsóbíà. Ní ìparí 2014, ọgọ́rùn-ún tuntun jáde fún ọgọ́rùn-ún ọdún Nàìjíríà, Ájàmí kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn Mùsùlùmí kan bínú; àwọn kan tilẹ̀ ní àwọn rí ìràwọ̀ Dáfídì níbẹ̀. Agbẹjọ́rò Malcolm Omirhobo ní tiẹ̀ gba kóòtù lọ ní 2020 pé kí wọ́n yọ ọ́ lára igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún.

Tèmi rèé. Abala kẹwàá òfin wa ní ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di tirẹ̀, nítorí náà àdúrà ẹnikẹ́ni kò yẹ kó wà lórí owó gbogbo wa. Ṣùgbọ́n Ájàmí kì í ṣe àdúrà. Onígbàgbọ́ tí kò lè kà á rò pé Kùránì ni. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yewa tó kọ́ kéwú lè ka lẹ́tà náà, kò sì gbọ́ Haúsá tó wà níbẹ̀, síbẹ̀ inú ń bí i pé wọ́n yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn álúfà wa ti ń fi lẹ́tà yẹn kọ Yorùbá ọjọ́ ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ tiwa sórí owó!

Ní 2022 tí wọ́n pa owó ńlá láró tuntun, Ájàmí ṣì wà lára wọn. Lára ọgọ́rùn-ún Awólọ́wọ̀, ọwọ́ èwo lẹ bá bọ́ sí ni. Ẹ yọ tiyín wò, kẹ́ ẹ sọ fún mi èyí tó jẹ́.