Àjàyí Crowther àti Ilé Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì

 Ìtàn ẹnì kan tó ti lọ tipẹ́ la mú wá fún yín, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ yẹn nítorí Bíbélì Yorùbá. Ṣùgbọ́n ibi tí a fẹ́ dúró lé ni nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀ tó lò ní Àgbádárìgì nígbà tí ọ̀nà dí mọ́ ọn.

Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Bàbá rẹ̀ ń hun aṣọ, Afala lorúkọ ìyá rẹ̀. Ní 1821, ogun kó ìlú náà. Bàbá kú sógun, wọ́n sì fi okùn so Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin, wọ́n kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ná ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì dá Àjàyí náà padà, bí ẹni dá ọjà tí kò tẹ́ni lọ́rùn padà. Obìnrin kan rà á, òun náà tún tà á. Ọtí àti tábà ni wọ́n tún fi rà á lẹ́yìn ìyẹn. Bó ṣe ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ nìyẹn títí tó fi dé Èkó, tí wọ́n tà á fún àwọn Potogí.

Ní oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi ní 1825, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ Susan, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú bíi tirẹ̀. Ní 1843 ó di àlùfáà, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá sì jáde lọ́dún yẹn kan náà.

Ní January 1845, òun àti Henry Townsend, ará Gẹ̀ẹ́sì, àti C. A. Gollmer, ọmọ Jámánì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí wọ́n gbójú lé, ti kú. Ogun Ẹ̀gbá àti Adó sì ti dí ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí yóò là. Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí ìyàwó Gollmer fi kú. Òwò ẹrú tó gbé Àjàyí lọ kò sì tíì kúrò ní etíkun yẹn.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n kọ́lé. Ní 1845 yẹn ni Gollmer kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí ọ̀sà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Wọ́n ń wàásù, wọ́n ń kọ́ ọmọdé níwèé, Crowther sì ń bá iṣẹ́ èdè Yorùbá lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, wọ́n á fi yàrá tí wọ́n ní ó gbé hàn yín.

Ọ̀nà là ní 1846, wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù August, obìnrin àgbà kan wọlé wá. Afala ni! Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Ní 1848 ó ṣèrìbọmi, ó di Hannah. Ẹ ò rí i pé ìyá rẹ̀ ló wà lópin ọ̀nà tó dí yẹn, kò sì mọ̀.

Iṣẹ́ tó kù pọ̀. Ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Òun àtàwọn mìíràn ló túmọ̀ Bíbélì, odindi rẹ̀ sì parí ní 1884. Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ odò Ọya, èyí sì dùn ún gan-an. Ó kú sí Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù December 1891. Ilé Àgbádárìgì ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, láti Ọ̀tìgbà dé Pepple, ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń gbọ́ pé wọ́n á kó Computer Village lọ sí Katangowa. Nítorí ẹ̀, àwọn kan nínú wa ní àwọn ò ní dáwó mọ́ títí àwọn á fi mọ ibi tí ọjà ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àwọn ará Àgbádárìgì yẹn. Wọn ò mọ ọjọ́ tí ọ̀nà máa là, síbẹ̀ wọ́n fi òkúta lé òkúta. Ibi yòówù kí ọjà wa bọ́ sí, owó tó wà nínú àpò ẹgbẹ́ la ó fi gba ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣèyí tó ń bọ̀ láyọ̀. Àmín.