Teslim Balogun: Àrá tó sán láti Èkó dé ìlú ọba

Ẹni tó bá dé Surulere, l'Ékòó, yóò rí pápá ìṣeré ńlá kan tó kọjú sí Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè. Teslim Balogun ni wọ́n fi sọ orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wọkọ̀ láti Àjùwọ̀n, Mowe àti Ibafo lọ wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lè má mọ ìtàn ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èkó ni wọ́n ti bí Teslim Ọláwálé Àyìndé Balogun lọ́dún 1927, ṣùgbọ́n Port Harcourt ló ti kàwé. Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Nàìjíríà. Àwọn ilé iṣẹ́ ló ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Bí òṣìṣẹ́ bá parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tán ni yóò tó lọ sórí pápá. Bẹ́ẹ̀ ni Balogun ṣe gbá bọ́ọ̀lù fún Marine, UAC, SCOA àti iléeṣẹ́ rélùwéè, ìyẹn àwọn tí ọkọ̀ ojú irin wọn ń gba Agbádò àti Ifọ̀ kọjá. Nítorí agbára tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù sílé ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Thunder, èyí tó túmọ̀ sí àrá.

Lọ́dún 1949, ó wà lára agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Nínú ìdíje mẹ́sàn-án, wọ́n jáwé olúborí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì pàdánù márùn-ún.

Lọ́dún 1955, Balogun fi òkìkí tó ní nílé sílẹ̀, ó sì padà síbẹ̀ láti lọ bá ẹgbẹ́ Peterborough United. Ọdún kejì ló bọ́ sí Queens Park Rangers. Ẹni tí gbogbo Èkó ń pariwo orúkọ rẹ̀ wá di àlejò tó ní láti tún ara rẹ̀ fi hàn. Ìdíje líìgì mẹ́tàlá péré ló gbá fún wọn, ó sì jẹ góólù mẹ́ta. Iye náà kò pọ̀ lójú ẹni tó bá ń wo ìṣirò nìkan, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó la ọ̀nà ni ẹ̀gún máa ń gún jù.

Kò jókòó ti òkìkí àtijọ́ nígbà tó ṣíwọ́ bọ́ọ̀lù. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n sì kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbàwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ó wà lára àwọn tó tọ́ ikọ̀ Nàìjíríà sọ́nà lọ sí Òlíḿpíìkì ilẹ̀ Mẹ́síkò lọ́dún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Japan àti Spain fẹ̀yìn wọn balẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ta ọ̀mì góólù mẹ́ta sí mẹ́ta pẹ̀lú Brazil.

Ní oṣù keje ọdún 1972, ikú mú Balogun lọ lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ọdún 1984 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí pápá Surulere, ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Ọgbọ̀n ọdún ó lé márùn-ún ni akọni náà ti sùn kí ilé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn. Ó pẹ́ gan-an o, ṣùgbọ́n orúkọ rere kì í jẹrà.