Shehu Usman Dan Fodio: Ọgbọ̀n Ọdún Wáàsí Kí Idà Tó Jáde

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Shehu Usman Dan Fodio sí jagunjagun. Bí a bá wo ìtàn rẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé olùkọ́ ni, àti pé ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe wáàsí kí idà tó jáde nínú àkọ̀.

Ọdún 1754 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Gobir, nínú ìdílé àlùfáà Fúlàní, Degel ló sì gbé dàgbà. Ó kéwú lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àti àwọn àlùfáà mìíràn, pàápàá Jibril ọmọ Umar. Ó bẹ̀rẹ̀ wáàsí ní 1774. Ó ń kọ́ mẹ̀kúnnù ní ẹ̀sìn ní èdè tí wọ́n gbọ́, ó sì ń kọ́ àwọn obìnrin, bí àwọn kan tilẹ̀ ń bá a wí sí i.

Ìyà ń jẹ mẹ̀kúnnù nígbà náà. Owó-orí wúwo, wọ́n sì ń fi ẹni tí kì í ṣe ẹrú ṣe ẹrú. Nígbà tí Bawa, ọba Gobir, fún àwọn àlùfáà ní ọrẹ ńlá, Shehu kò gba tirẹ̀. Ohun tó bèèrè ni àyè láti wáàsí, kí ẹnikẹ́ni má dí ẹni tó bá gbọ́ ìpè lọ́wọ́, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó wé láwàní, kí wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, kí wọ́n sì dín owó-orí kù. Bawa gbà.

Ọba Nafata ló ba àdéhùn yìí jẹ́. Ó pàṣẹ pé Shehu nìkan ló lè wáàsí. Pé ẹni tí kò bá jogún Ìsìláàmù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ gbọdọ̀ padà sí ẹ̀sìn ìdílé rẹ̀. Pé kí ọkùnrin má wé láwàní, kí obìnrin má sì lo ìborí.

Yunfa jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàn sọ pé ọmọ kéwú Shehu ni. Ní ìparí ọdún 1803, àwọn ọmọ ogun Gobir kọlu Gimbana, níbi tí Abd al-Salam, ọmọlẹ́yìn Shehu, ń gbé, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Bí wọ́n ti ń kó wọn kọjá nítòsí Degel, àwọn ènìyàn Shehu gbà wọ́n sílẹ̀. Yunfa ní kí Shehu kó ìdílé rẹ̀ jáde, kí ó fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀. Shehu kọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1804, ó ṣe Híjírà lọ sí Gudu, èrò sì ń wọ́ tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í jẹ Amírùl Mùminín.

Ogun náà gba ẹ̀mí púpọ̀. Wọ́n ṣẹ́gun ní Tabkin Kwatto ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n ní Tsuntsua, ní oṣù kejìlá, nǹkan bí 2,000 ènìyàn wọn ló kú, tí 200 nínú wọn há Àlùkùránì sórí. Ní 1808 ni Alkalawa, olú-ìlú Gobir, ṣubú, Yunfa sì kú níbẹ̀.

Shehu fa ìṣàkóso lé Muhammad Bello ọmọ rẹ̀ àti Abdullahi àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó padà sídìí ìwé, ó sì kú ní Sokoto ní 1817. Ṣùgbọ́n kí ogun tó parí rárá, ní 1807, Abdullahi ti bínú kúrò lójú ogun, nítorí ó rí i pé àwọn kan ń lé owó àti ipò. Kano ló dé, ibẹ̀ ló sì ti kọ ìwé lórí ìṣàkóso òdodo.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa. Ọ̀tẹ̀ kì í dédé bẹ́. Ìgbà tí aláṣẹ bá yẹ àdéhùn, tó sì ti gbogbo ilẹ̀kùn àlàáfíà, ni ọ̀rọ̀ ń di ogun. Èkejì ni pé ẹni tó lé alábòsí lọ gbọdọ̀ ṣọ́ ara rẹ̀, kí òun náà má baà di alábòsí. Kí Ọlọ́hun kẹ́ Shehu, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ àti sùúrù. Àmín.