Ọlọ́wẹ̀ Ará Ìsẹ̀, Agbẹ́gilére

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, a ti ka ìtàn Besaleeli nínú Ìwé Ẹ́kísódù, ẹni tí Ọlọ́run fi ọgbọ́n iṣẹ́ ọnà kún. Ilẹ̀ Yorùbá náà kò ṣàì ní irú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọlọ́wẹ̀, tí ayé mọ̀ sí ará Ìsẹ̀.

Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ni a ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1875, ìlú tí a mọ̀ mọ iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó ṣí lọ, ó di ẹmẹ̀sẹ̀ ní ààfin Arinjalẹ̀, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti kàn. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ ni ó ń gbẹ́ sára igi: ọba àti adé rẹ̀, olorì, ẹlẹ́ṣin, ìyá tó pọnmọ.

Láàrin 1910 sí 1914 ó ṣiṣẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan tó fi hàn bí Kápúténì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe wá kí ọba. Àwọn ènìyàn gbé òyìnbó rù. Ògògà jókòó jẹ́ẹ́ lórí ìtẹ́. Ẹ kíyè sí i pé àlejò ni ó wá bá onílé! Lára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin kan náà, olorì dúró lẹ́yìn ọba, ó sì ga ju ọba lọ. Èyí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni òpó náà wà báyìí.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ti Lọ́ńdọ̀nù, British Museum, fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n kàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀. Lójú tèmi, pàṣípààrọ̀ náà kò dọ́gba. Káfíńtà tó lè kan àga pọ̀ nílé ayé.

Àwo onídérí kan tó gbẹ́ wà ní Washington. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé àwo dání. Láàrin àwọn ère tó gbé àwo náà ró, orí kan wà tó ń yí gbirigbiri, tí kò sì ṣeé yọ jáde. Igi kan ṣoṣo ni ó fi gbẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Kò kọ ìwé kankan sílẹ̀ nípa ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí Ìkọ̀tún àti Ìgándò níhìn-ín ni kò mọ oríkì baba wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ kò gbàgbé tirẹ̀. Ní 1988, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ìyá àgbà náà jókòó, ó ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé kan láti Amẹ́ríkà, ó sì dárúkọ àwọn ìlú tí ọkọ rẹ̀ ti gbẹ́gi fún ọba. Láti ẹnu rẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ nípa Ọlọ́wẹ̀.