Herman Hollerith, Baba Oníkáàdì

Ẹni tí mo mú wá sójú ìwé yìí lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Ìlọrin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní mainframe rí, ì báà ṣe ní báńkì tàbí níléeṣẹ́ ìjọba, ẹ ti bá a pàdé láìmọ̀. Herman Hollerith ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé ọdún 1860 ni wọ́n bí i ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà. Ẹ rò ó wò ná, ọmọ tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin! Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Tíṣà ni bàbá rẹ̀, àmọ́ ó kú nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje. Herman ò sì fẹ́ràn sípẹ́lì rárá. Wọ́n ní bó bá ti di àsìkò sípẹ́lì báyìí, ṣe ló máa ń wá ọ̀nà sá jáde ní kíláàsì, títí ó fi di pé ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. (Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.) Síbẹ̀, ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó gboyè nípa iṣẹ́ ìwakùsà ní Columbia lọ́dún 1879.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ló mú un wọ iṣẹ́ ìkànìyàn ọdún 1880. Ọwọ́ ni àwọn akọ̀wé fi ń ṣírò gbogbo rẹ̀, ó sì gbà wọ́n tó nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Dókítà John Shaw Billings, tó wà nídìí iṣẹ́ náà, ló dá a lábàá pé ó yẹ kí ẹ̀rọ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Hollerith ò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ́ni díẹ̀ ní MIT, iṣẹ́ náà ò bá a lára mu; ó bá kọjá sí ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń fún àwọn tó hùmọ̀ nǹkan tuntun níwèé ẹ̀tọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ rélùwéè láti Ìlọrin rí, ṣé ẹ rántí ọkùnrin tó máa ń lu ihò sí tíkẹ́ẹ̀tì? Ibi tí Hollerith ti rí ọgbọ́n nìyẹn. Lọ́hùn-ún, ihò ni wọ́n fi ń júwe èrò ọkọ̀: àwọ̀ irun rẹ̀, àwọ̀ ojú rẹ̀, bí imú rẹ̀ ṣe tóbi tó, kí ẹlòmíràn má baà fi tíkẹ́ẹ̀tì náà wọkọ̀. Ó bá gbé e sórí káàdì. Ẹnì kan, káàdì kan: ihò níbí, ọkùnrin ni, ihò lọ́hùn-ún, ó ti gbéyàwó. Bí wọ́n bá fi káàdì sínú ẹ̀rọ, àwọn abẹ́rẹ́ á sọ̀kalẹ̀. Èyí tó bá bọ́ sínú ihò á kan mẹ́kúrì nísàlẹ̀, iná mànàmáná á kọjá, ọwọ́ aago á sún síwájú lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún 1890, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 62.

Lójú tèmi, ẹ̀rọ yẹn kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù. Àdéhùn ni. Ẹni tó lu ihò àti ẹ̀rọ tó ń kà á gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ihò kọ̀ọ̀kan ń sọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, paálí lásán ni káàdì náà. Ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní protocol lónìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ṣeni láàánú pé ẹni tó mú ẹ̀rọ fohùn ṣọ̀kan kò lè bá èèyàn fohùn ṣọ̀kan. Ó dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1896, ó ń fi ẹ̀rọ háyà fún ìjọba, owó rẹ̀ sì ga. Nígbà tí ọ̀gá ìkànìyàn ní kó dín in kù, ó fàáké kọ́rí. Ìjọba bá ṣe ẹ̀rọ tiwọn, James Powers sì wà lára àwọn tó bá wọn ṣe é. Nígbà tí wọ́n ń kànìyàn lọ́dún 1910, wọ́n ti pa ẹ̀rọ Hollerith tì. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, kò jàre. Lọ́dún 1911 ó ta iléeṣẹ́ rẹ̀, owó tó bọ́ sí i lọ́wọ́ lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, èyí tó di IBM lọ́dún 1924. Òun ní tirẹ̀ lọ ń sin màlúù lóko rẹ̀ ní Maryland. Ọjọ́ 17 oṣù Bélú ọdún 1929 ni àìsàn ọkàn pa á. (Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ Hollerith àti èyí tó ń ta ti Powers padà di ọ̀kan lọ́dún 1959. Ibẹ̀ ni ICL ti jáde, tí ẹ̀yin àgbà inú wa mọ̀ dáadáa.)

Iṣẹ́ ìkànìyàn náà ló gbé kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1962 dá ìjà sílẹ̀, wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1963, wọ́n ní a jẹ́ mílíọ̀nù 55 ó lé. Àwọn bàbá wa wà nínú òǹkà yẹn, nígbà tí Ìlọrin ṣì wà lábẹ́ ìjọba Àríwá. Ẹ̀rọ lè ka ihò. Kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹni tó lù ú kọ.

Ní oṣù Igbe ọdún 1964, IBM gbé System/360 jáde. Nínú rẹ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ẹ̀rọ tó ń ka káàdì sọ̀rọ̀ tààrà. Channel ló ń gbé ọ̀rọ̀, control unit ló gbọ́ èdè ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Olúkúlùkù ló ní nọ́ńbà, bí ojúlé ní Adéwọlé Estate. Bí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lára control unit, kọ̀ǹpútà á pè pè pè, kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Nọ́ńbà tí wọ́n sábà máa ń fún ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ni 00C, ti èyí tó ń lu ihò ni 00D.

Èmi ò lu káàdì rí. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa ló fi ọ̀kan sáàárín ìwé rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ṣùgbọ́n lórí z/VM, tí àwọn onímainframe ṣì ń lò títí di òní, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹnì kejì, 00D ló lè gbà jáde, ní ìlà-ìlà tó gba lẹ́tà 80 bíi káàdì ọdún 1928, kó sì lọ balẹ̀ sí 00C ẹni náà. Kò sí ẹ̀rọ káàdì kankan níbẹ̀ mọ́.