Antoni Mímọ́ ti Íjíbítì, Ẹni tí ó fi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run Ṣọ́ Ọkàn Rẹ̀

Bí a bá dárúkọ Antoni Mímọ́ láàárín àwa ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, ọ̀dọ̀ Antoni ti Padua ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ, ẹni tí a máa ń ké sí nígbà tí nǹkan wa bá sọnù. Òun kọ́ ni ìtàn yìí dá lé lórí. Antoni tí a ń sọ yìí ti gbé ayé ní ohun tí ó ju 900 ọdún lọ ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, Ìjọ sì ń pè é ní baba àwọn mọ́ǹkì. A yàn án fún ìwé júbílì yìí nítorí ọ̀ràn kan tí kò ṣàjèjì ní Yoko níbí: ìbẹ̀rù ohun tí ń bá ọkàn jà lóru, àti ohun tí onígbàgbọ́ ń ṣe nígbà tí ìbẹ̀rù náà bá dé.

Ní nǹkan bí ọdún 251 ni a bí i ní ìlú Koma ní Íjíbítì. Onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì rí já jẹ. Ilẹ̀ oko ọlọ́ràá tí wọ́n ní tó nǹkan bí 80 ẹ́kítà. Kò ju ọmọ 18 tàbí 20 ọdún lọ nígbà tí baba àti ìyá rẹ̀ kú, tí wọ́n fi òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí ó wọ ilé ìsìn, tí ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ka ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ nínú Ìhìnrere Matiu, orí 19. Ó gbọ́ ọ bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ó jáde, ó pín ilẹ̀ baba rẹ̀ fún àwọn ará ìlú, ó ta ẹrù ilé, ó sì fi owó rẹ̀ fún àwọn aláìní. Díẹ̀ tí ó fi pa mọ́ fún àbúrò rẹ̀ pàápàá, ó pín in nígbà tí ó tún gbọ́ ohun tí orí 6 Matiu sọ lórí àníyàn ọ̀la. Ó sì fi ọmọbìnrin náà sọ́wọ́ àwọn wúńdíá olùfọkànsìn.

Kò lọ jìnnà lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀bá ìlú rẹ̀ ni ó ń gbé, ó ń kọ́ ìwà lọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tí ó ti ń dá gbé fún àdúrà, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun. Athanasius Mímọ́, Bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, tí ó mọ̀ ọ́n, tí ó sì kọ ìtàn rẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ pé Antoni a máa tẹ́tí sí Ìwé Mímọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan kì í bọ́ sílẹ̀, tí iyè inú rẹ̀ fi di ìwé fún un.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Àwọn kan wà láàárín wa tí ń ti Bíbélì bọ abẹ́ ìrọ̀rí, tí ń fi ẹsẹ̀ Sáàmù há ẹnu ọ̀nà bí ẹni fi oǹdè há a, síbẹ̀ tí wọn kò há ẹsẹ̀ márùn-ún sórí. A kò rí irú rẹ̀ nínú ìgbésí ayé Antoni. Ọ̀rọ̀ tí ó fi jà, ó ti wà nínú rẹ̀ kí ìjà tó dé.

Ìjà náà kò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iwin tàbí ẹranko abàmì. Èrò ni ó kọ́kọ́ dé. Ó ń rántí ilẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, ó ń ṣàníyàn lórí àbúrò rẹ̀, oúnjẹ dídùn ń wù ú, ìyìn ènìyàn ń wù ú, ó sì ń wo bí ọdún tí ó wà níwájú ti pọ̀ tó àti bí ara òun ti ṣe aláìlera tó. Lójú tèmi, àníyàn lórí àbúrò yìí ni ó léwu jù nínú wọn, nítorí kò sí ẹni tí yóò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara dé lóru. Antoni kò jókòó bá èrò wọ̀nyí jiyàn. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń ṣọ́ òru, ó sì ń fi Ìwé Mímọ́ dá wọn lóhùn. Sáàmù 118, níbi tí onísáàmù ti jẹ́wọ́ pé Olúwa ni olùrànlọ́wọ́ òun, ni ó fi lé olùdánwò náà lọ.

Ó wá kúrò nítòsí ìlú, ó lọ sé ara rẹ̀ mọ́ inú ibojì kan. Níbẹ̀ ni àwọn ẹ̀mí èṣù ti lù ú débi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń gbé búrẹ́dì wá fún un bá a nílẹ̀ bí òkú, ó sì gbé e lọ sí ilé ìsìn abúlé. Àwọn ènìyàn yí i ká bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Ní ọ̀gànjọ́, nígbà tí oorun ti gbé wọn lọ, Antoni la ojú, ó sì bẹ ọ̀rẹ́ náà pé kí ó gbé òun padà síbẹ̀. Kò lè dìde dúró. Ní ìdùbúlẹ̀ ni ó ti gbàdúrà, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, orí 8, sọ pé kò sí ohun tí yóò ya òun kúrò nínú ìfẹ́ Kristi, tí ó sì ń kọ Sáàmù 27. Ariwo dé bí ẹni pé ògiri ń ya. Àwòrán kìnnìún, àmọ̀tẹ́kùn, ejò àti àkeekèé kún ibẹ̀. Ìrora ara rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò mì. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tàn láti òkè, tí gbogbo rẹ̀ sì pòórá, ó béèrè lọ́wọ́ Olúwa ibi tí ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èsì tí ó rí gbà ni pé Olúwa kò lọ síbì kan. Ó wà níbẹ̀, ó ń wo ìjà rẹ̀.

Ọmọ nǹkan bí ọdún 35 ni nígbà náà. Ó rékọjá odò Náílì, ó sì dá gbé nínú ahoro odi kan fún nǹkan bí 20 ọdún. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi agbára ṣí ilẹ̀kùn náà, ní nǹkan bí ọdún 305, ẹnu yà wọ́n: ara rẹ̀ kò sanra, kò sì rù, ọkàn rẹ̀ sì pa rọ́rọ́.

Ó kìlọ̀ fún àwọn tí ó tẹ̀lé e pé èṣù pàápàá mọ Ìwé Mímọ́ kà, ó sì lè jí ènìyàn fún àdúrà kí ó lè fi àárẹ̀ àti àìnírètí mú un. Bí ìran kan bá yọ, kí ẹni náà má ṣe fòyà, kí ó bi í léèrè ẹni tí ó jẹ́ àti ibi tí ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí Jóṣúà ti ṣe. Ní ti àwọn ẹ̀mí tí ń sọ ohun tí ń bọ̀, ó fi wọ́n wé ẹni tí ó rí òjò ńlá ní ilẹ̀ Etiópíà, tí ó sì sáré lọ sọ fún àwọn ará Íjíbítì pé Náílì yóò kún: ẹsẹ̀ wọn ni ó yá, wọn kò mọ ọ̀la. Kí àwa tí a ń ti Mísà dé, tí a tún ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá aríran kí a tó rìn dé Pọ́bẹ̀, gbọ́ èyí. Ó tún ní kí olúkúlùkù máa kọ ìṣe àti èrò ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé yóò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, kí ìtìjú lè dáàbò bò ó.

Ní ọdún 311, nígbà inúnibíni Maximinus, ó lọ sí Alẹkisáńdíríà láti ran àwọn onígbàgbọ́ tí ó wà lẹ́wọ̀n lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé lórí òkè kan nítòsí Òkun Pupa. Ọdún 356 ni ó kú, ní ẹni 105 ọdún. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ méjì sin ín síbi tí ẹlòmíràn kò mọ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ rẹ̀. Awọ àgùntàn kan ni ó fi sílẹ̀ fún Athanasius, òmíràn fún Bíṣọ́ọ̀bù Serapion.

Ní ọdún 386, ní ìlú Milan, ará Áfíríkà kan sọ ìtàn rẹ̀ fún Augustine, tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ kan náà, nínú ọgbà, Augustine rántí bí Antoni ti gbọ́ Ìhìnrere bí ọ̀rọ̀ tí a ń bá òun nìkan sọ, ó ṣí ìwé Pọ́ọ̀lù, ó kà á, ó sì yí padà. Àwọn mọ́ǹkì ṣì wà lẹ́bàá òkè Antoni títí di òní; ní ilẹ̀ Béníì wa, láti ọdún 1960, àwọn obìnrin mọ́ǹkì wà ní Parakou tí ń jí nígbà tí òkùnkùn ṣì kùn láti kọ Sáàmù.