Jean Dubuffet, Oníṣòwò Wáìnì Tó Wá Ilé fún Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Tí A Pa Tì

Ọdún 1901 ni wọ́n bí Jean Dubuffet nílùú Le Havre, ní Faransé. Wáìnì ni ìdílé rẹ̀ ń tà, òun náà sì tà á kó tó pa ọjà tì lọ́dún 1942, tó gbájú mọ́ àwòrán yíyà. Láti 1945 ló ti ń kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ jọ: ẹlẹ́wọ̀n, aláìsàn ọpọlọ, àwọn tó ń dá gbé. Aloïse Corbaz wà lára wọn, tó ń yàwòrán nílé ìwòsàn alárùn ọpọlọ ní Switzerland.

Àwa ará ìdálẹ̀ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa kó ẹrù kiri. Ẹrù Dubuffet náà rìn: ó lọ Amẹ́ríkà ní 1951, ó padà sí Paris ní 1962. Ní 1971, ó fi ta ìlú Lausanne ní Switzerland lọ́rẹ, wọ́n sì ṣí mùsíọ́ọ̀mù náà ní 1976. Lausanne yìí gan-an ni wọ́n ti bí Aloïse. Obìnrin náà ti kú ní 1964, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ padà délé.

Dubuffet kú ní 1985. Ẹ̀yin ará wa, ta ló ń yàwòrán tàbí gbẹ́gi láàárín wa tí a ò kà sí? Ẹ jẹ́ ká tọ́jú iṣẹ́ wọn.